Etí Ni Ìdajì Ìlù: Lórí Àtúnṣe Djidji Ayôkwé ti Àbíjàn

Ẹni tó bá ti tún mándólì àtijọ́ ṣe rí mọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ olóṣèlú kò tíì mọ̀ nípa ohun èlò orin. Mándólì onígbá, irú èyí tí ìdílé Vinaccia sọ di olókìkí ní ìlú Naples nílẹ̀ Ítálì ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1700, ní ẹ̀yìn tó rí roboto bí ìdajì igbá. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn láti fi ṣe é. Bí ó bá pẹ́ nílẹ̀ láìlò, àtè a gbẹ, àwọn pákó náà a ya kúrò lára wọn, ọrùn rẹ̀ a tẹ̀, ojú rẹ̀ a sì wọnú níbi tí igi kékeré tó gbé okùn ró ti ń tẹ̀ ẹ́. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ a fi àtè gbígbóná tí wọ́n fi awọ ẹran sè dí gbogbo ibi tó là. Lẹ́yìn náà a wá okùn mẹ́jọ tó fẹ́lẹ́, méjì-méjì lọ́nà mẹ́rin, a sì fà wọ́n le díẹ̀díẹ̀. Kò ní fi okùn líle ti òde òní sí i, nítorí ó mọ̀ pé agbára okùn líle ni yóò fa ohun èlò ògbólógbòó náà ya. Nígbà tó bá tọ́ okùn sí ohùn tán, mándólì a tún kọrin.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àtè àti okùn nìkan ló mú un kọrin. Orin tí wọ́n kọ fún mándólì ṣì wà nínú ìwé; olùkọ́ tó ń kọ́ni ṣì wà; ọmọdé tó ń kọ́ ọ ṣì wà; àwọn tó lè mọ̀ bí ọwọ́ olórin bá ṣìnà ṣì wà. Okùn ló já. Ọwọ́ tó ń ta á kò rọ, etí tó ń gbọ́ ọ kò di. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ fi lè fi okùn rọ́pò okùn, kí ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù, kí ó sì sọ pé iṣẹ́ parí. Bí ọwọ́ bá ti rọ, tí etí sì ti di, okùn wúrà kò lè ṣe mándólì náà ní oore kankan. Ọ̀ṣọ́ ara ògiri ni yóò dà.

Ọ̀ràn tó wà nílẹ̀ ní Àbíjàn, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, kò yàtọ̀ sí èyí, àfi pé ó tóbi jù ú lọ. Ìlù kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Djidji Ayôkwé. Ti àwọn Bidjan ni, ìran kan nínú àwọn Ebrié tí wọ́n ń pe ara wọn ní Atchan, àwọn onílẹ̀ ibi tí ìlú ńlá náà tẹ̀dó sí. Ara igi ìrókò ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Ó gùn ju mítà mẹ́ta lọ, ó sì wúwo tó nǹkan bí 430 kílò. Kò ní awọ bí dùndún tàbí bàtá. Ihò gígùn ni wọ́n gbẹ́ sí i lára, ètè ihò náà sì ni wọ́n ń lù. Wọ́n gbẹ́ àwòrán ẹkùn sí i. Ọ̀rọ̀ ni ìlù yìí ń sọ: ó ń túfọ̀, ó ń pe ìpàdé, ó ń kéde àjọ̀dún, ó sì ń kìlọ̀ ewu.

Nígbà tí àwọn amúnisìn Faransé ń kó ọkùnrin sí iṣẹ́ àfipáṣe, ìlù yìí ló ń ta àwọn abúlé lólobó. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe gbẹ́sẹ̀ lé e ní 1916. Kí olùkọ́ èdè dúró díẹ̀ níbí yìí kó rò ó. Kì í ṣe ẹwà ìlù náà ló fa ojú àwọn amúnisìn. Wọ́n gbà á nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀, àti nítorí pé àwọn ènìyàn gbọ́ ohun tó ń sọ. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé e sí ọgbà gómìnà ní Bingerville, òjò ń pa á, oòrùn ń pa á, kòkòrò ajẹgi ń jẹ ẹ́ fún ọdún púpọ̀. Ní 1930 ló wọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Trocadéro ní Paris. Ọwọ́ Musée du quai Branly ló bọ́ sí nígbẹ̀yìn.

Ní oṣù kẹwàá 2021, ààrẹ ilẹ̀ Faransé, Emmanuel Macron, ṣèlérí ní Montpellier pé ìlù náà yóò padà sílé. Ní oṣù kọkànlá 2022, àwọn àgbà Atchan lọ sí Paris láti ṣe ètùtù, kí àwọn oníṣẹ́ tó fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn ètùtù ni wọ́n tún igi náà ṣe. Ní oṣù keje 2025, ilé aṣòfin Faransé fọwọ́ sí òfin tó yọ ìlù náà kúrò lára dúkìá ìjọba wọn, kí wọ́n lè dá a padà. Inú ẹni tó bá mọ ìtàn kò lè ṣàìdùn sí òfin náà. Ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ gbé fún ọdún tó ju 100 lọ ní ẹ̀tọ́ láti jó nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jáde lẹ́nu gbogbo ènìyàn tó yẹ kí àwọn onímọ̀ èdè takò. Ọ̀rọ̀ náà ni pé wọ́n ti «tún ìlù náà ṣe». Kí ni wọ́n tún ṣe? Wọ́n tọ́jú igi tí kòkòrò ti jẹ, kí ó má baà wó, kí ó ṣe é gbé, kí ó sì ṣe é wò. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni, ó sì yẹ kí á kan sáárá sí àwọn tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú igi ni, kì í ṣe àtúnṣe ìlù. Bí ẹnì kan bá fọ òkú, tó fi aṣọ àlà wọ̀ ọ́, tó sì tẹ́ ẹ sórí ibùsùn dáadáa, ta ni yóò sọ pé ó wo aláìsàn sàn?

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yéni yékéyéké, ó yẹ kí á wo bí ìlù ṣe ń sọ̀rọ̀. Nínú èdè Yorùbá, ìlù kì í gbé kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì jáde; ohùn àti ìlànà sílébù ló ń gbé. Bí onílù bá fi ìyáàlù sọ igba, igbá, ìgbà àti ìgbá, etí yóò yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí ohùn wọn kò dọ́gba. Ìwé tí kò ní àmì ohùn kò lè ṣe èyí. Ṣùgbọ́n bí onílù kan náà bá sọ ọjà, ilẹ̀, ọbẹ̀ àti ẹsẹ̀, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni gbogbo wọn. Ìró kan ṣoṣo ni yóò jáde lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìwé lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ìlù kò lè yà wọ́n. Báwo wá ni olùgbọ́ ṣe ń mọ̀ bóyá ọjà ni wọ́n ń pe òun lọ tàbí ìdí ọbẹ̀? Ó ń mọ̀ nítorí pé onílù kì í sọ ọ̀rọ̀ kan ní òun nìkan. Inú òwe, inú oríkì, inú gbólóhùn tí etí ti mọ̀ láti kékeré ló ń fi í sí. Onílù mú ìdajì ọ̀rọ̀ wá. Olùgbọ́ mú ìdajì tó kù wá láti inú èdè rẹ̀.

Kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Nígbà tí J. F. Carrington kọ ìwé rẹ̀ lórí ìlù tó ń sọ̀rọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà ní 1949, ìlù onígi àwọn Lokele ní ilẹ̀ Kóńgò ló gbájú mọ́, ìlù aláìláwọ tí í ṣe ẹbí Djidji Ayôkwé. Ohun tó rí níbẹ̀ ni pé ohùn méjì péré ni ìlù náà ní, àti pé gbólóhùn gígùn tó ti di mímọ̀ fún gbogbo ìlú ni onílù fi ń yẹra fún ìdàrúdàpọ̀. Ọ̀rọ̀ kúkúrú lẹ́nu a di gbólóhùn gígùn lórí ìlù. Ẹni tí kò bá mọ àwọn gbólóhùn wọ̀nyí, bó tilẹ̀ ń sọ èdè náà nílé, ariwo igi lásán ni yóò gbọ́. Ẹni tí kò wá gbọ́ èdè náà rárá ńkọ́?

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán kí àwọn onímọ̀ tó dé: òwe bí òwe là ń lùlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní ń jó o, ọ̀mọ̀ràn ní ń mọ̀ ọ́n. Ẹni mẹ́ta ló wà nínú òwe yìí: ẹni tó ń lù ú, ẹni tó ń jó o, àti ẹni tó mọ̀ ọ́n. Igi tí wọ́n fi gbẹ́ ohun èlò náà kò tilẹ̀ jẹyọ nínú rẹ̀. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n kò bá sí, a kò lè sọ pé ìlù ń sọ̀rọ̀, bí igi rẹ̀ tilẹ̀ ń dán bí dígí. Etí ni ìdajì ìlù.

Nítorí náà, ibi tí iṣẹ́ àtúnṣe Djidji Ayôkwé wà gan-an ni ẹnu àti etí àwọn ọmọ Atchan. Èdè wọn, tí àwọn onímọ̀ kà mọ́ ẹbí Kwa, ti di èdè kékeré láàárín ìlú ńlá tó tẹ̀dó sórí ilẹ̀ wọn. Èdè Faransé ni èdè ìjọba àti èdè ilé-ìwé. Dioula ni wọ́n ń ná ọjà. Nouchi ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń ṣe àwàdà ní ìgboro. Níbo ni ọmọ Bidjan ti fẹ́ rí ààyè gbọ́ gbólóhùn tí ìlù baba ńlá rẹ̀ ń sọ? Bí wọ́n bá gbé ìlù náà sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Plateau, tí ọmọ náà dé iwájú rẹ̀, tó sì jẹ́ pé èdè Faransé ló fi ka ìtàn rẹ̀ lára ògiri, a jẹ́ pé ète tí wọ́n fi gba ìlù náà ní 1916 ti wá sí ìmúṣẹ. Ohun tí wọ́n fẹ́ nígbà náà ni kí ìlù dákẹ́. Ìlù tó dákẹ́ ní Àbíjàn kò sàn ju ìlù tó dákẹ́ ní Paris lọ, àfi ní ti ìrìnàjò.

Àwọn kan yóò dáhùn pé igi náà ti gbó, pé kò lè gba lílù mọ́, pé ẹ̀tọ́ àwọn ìran tó ń bọ̀ ni kí á tọ́jú rẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n fi igi lu ohun tí kòkòrò ti jẹ. Síbẹ̀, ọ̀nà méjì ló wà tí àríyànjiyàn yìí kò kàn. Èkíní, àwọn mìíràn ti mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ohun èlò àtijọ́ láìpa á lẹ́nu mọ́. Fáólì Paganini, tí Guarneri del Gesù ṣe ní 1743, wà ní ìpamọ́ ní ìlú Genoa, síbẹ̀ wọ́n ń mú un jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan fún ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ta. Èkejì, èyí tó ṣe pàtàkì jù, ilẹ̀ Áfíríkà kò fìgbà kan gbà pé igi kan ṣoṣo ni ìlù. Nígbà tí awọ dùndún bá ya, àwọn àyàn a fi awọ ewúrẹ́ tuntun sí i. Bí ọ̀sán bá já, wọ́n a pààrọ̀ rẹ̀. Bí igi bá là, wọ́n a gbẹ́ òmíràn. Kò sí àyàn tó ń sunkún pé ìlù ti kú, nítorí ohun tí ìlù ń sọ wà nínú orí ọmọ rẹ̀. Kí wọ́n gbé Djidji Ayôkwé sínú dígí, ó dára. Kí wọ́n gbẹ́ ọmọ rẹ̀ láti ara ìrókò mìíràn, kí ọmọ máa sọ̀rọ̀ nígbà tí ìyá ń sinmi.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé ètùtù ti mú ohun tó jẹ́ ti ẹ̀mí kúrò lára ìlù náà, pé ohun ìwòran ló kù. Ẹ̀rí ètùtù yìí gan-an ló ta kò wọ́n. Àwọn àgbà kò jẹ́ kí gbẹ́nàgbẹ́nà fọwọ́ kan igi láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ jáde. Bí ó bá gba ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lè tọ́jú igi, mélòómélòó ni ọ̀rọ̀ tí yóò gbà kí ìlù tó lè fọhùn?

Àwọn kẹta, tí wọ́n pọ̀ jù, yóò sọ pé èdè tó wà ní Côte d'Ivoire lé ní 60, pé èdè Faransé nìkan ló lè so wọ́n pọ̀, pé kíkọ́ ọmọ ní èdè ìlù jẹ́ fífi àkókò ṣòfò. Irọ́ ni pé èdè kan gbọ́dọ̀ kú kí òmíràn tó lè wúlò. Ní Èkó, ní àwọn ọdún 1930, Túndé King gbé bánjò, ohun èlò àlejò, ó sì fi orin Yorùbá sí i. Bẹ́ẹ̀ ni orin jùjú ṣe gbilẹ̀. Ohun èlò àjèjì sọ̀rọ̀ nítorí pé èdè tó wà láàyè wọ inú rẹ̀. Ǹjẹ́ kò wá ṣeni láàánú pé ohun èlò onílé fẹ́ di odi nítorí pé èdè onílé ń kú lọ?

Kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ìmọ̀ kò sí nílẹ̀. Àbíjàn kan náà ni Georges Niangoran-Bouah ti jókòó ṣèwádìí, tó sì gbé ìwé rẹ̀ lórí ìmọ̀ ìlù jáde ní 1981. Ohun tó ń tẹnu mọ́ ni pé ọ̀rọ̀ orí ìlù jẹ́ àkójọ ìtàn tí akẹ́kọ̀ọ́ lè tú palẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tú ìwé àtijọ́. Láti 1966 ni Institut de Linguistique Appliquée ti wà ní yunifásítì Àbíjàn, tí àwọn onímọ̀ ń ṣe àkọtọ́ fún àwọn èdè ilẹ̀ náà. Ìgbà kan wà tí wọ́n fi àwọn àmì tó wà lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, irú bí àpósítírófì àti dáàṣì, hàn ohùn nínú èdè bíi Dan, kí olùkọ́ abúlé lè rí i tẹ̀ láìsí wàhálà. Àwọn tó ronú jinlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí ohùn kò ṣàìlágbára láti kọ ọ̀rọ̀ ìlù sílẹ̀. Ohun tó kù ni owó àti ìfẹ́ inú àwọn aláṣẹ.

Kí òǹkàwé Yorùbá má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ẹlẹ́yà bí ẹni pé ilé aládùúgbò ló ń jó. Àwọn ọmọ Èjìgbò ti fi Àbíjàn ṣe ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ń ṣòwò níbẹ̀, wọ́n ń bímọ níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń ṣe ìnáwó, tí ìyáàlù bá ń ki baálé ilé, mélòó nínú àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ló lè sọ ohun tí ìlù ń wí? Ibo la tilẹ̀ ń wò títí dé Àbíjàn? Mélòó ní Ìbàdàn, mélòó ní Èkó? Ìlù ń bú wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìlù ń yìn wọ́n, wọ́n ń wo fóònù. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin ní 2018 pé kí wọ́n máa kọ́ èdè Yorùbá ní ilé-ìwé. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà ní 2022 pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, ìjọba kan náà kéde pé òun ti fagi lé e. Ẹni tó fagi lé èdè nínú kíláàsì kò gbọdọ̀ sunkún nígbà tí ìlù bá di odi ní ojúde ọba.

Ní Benin, nígbà tí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 ti Dahomey padà sílé ní oṣù kọkànlá 2021, Mati Diop fi ìrìnàjò wọn ṣe fíìmù tó jáde ní 2024. Nínú fíìmù náà, ère ọba sọ̀rọ̀, èdè Fon ló sì sọ. Èrò tó jinlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ère lè rí ẹni bá a sọ̀rọ̀ nínú fíìmù. Djidji Ayôkwé kò nílò ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí yóò gbọ́ ọ ló ń wá.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò fara sin. Kí ìwé tó wà lára ògiri níbi tí ìlù náà bá dúró sí kọ́kọ́ jẹ́ èdè Atchan, pẹ̀lú àmì ohùn, kí èdè Faransé tẹ̀lé e. Kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ ìlù sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, ìró àti ìwé papọ̀, nígbà tí àgbà ṣì wà láàyè. Kí wọ́n gbẹ́ ìlù tuntun, kí àwọn ọmọ Bidjan máa kọ́ ọ lójú ìyá rẹ̀. Kí ilé-ìwé tó wà lórí ilẹ̀ Atchan kọ́ ọmọ ní èdè Atchan. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá mú àyàn wọ kíláàsì, kí ìdánwò ohùn má mọ lórí ìwé nìkan, kí ọmọ lè fi etí túmọ̀ ohun tí kọ̀ǹgọ́ sọ.

Oníṣẹ́ mándólì mọ̀ pé okùn tó le ju ohun èlò lọ ni í bà á jẹ́. Ariwo ayẹyẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìlù àtijọ́: ọ̀rọ̀ olóṣèlú, fọ́tò, orin orílẹ̀-èdè, gbogbo rẹ̀ lè wúwo débi pé kò sí ẹni tí yóò rántí pé ìlù náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Ní 1916, ìjọba kan bẹ̀rù ìlù yìí nítorí pé àwọn ènìyàn gbọ́ ọ. Ọjọ́ tí ọmọdé kan ní Àbíjàn bá tún gbọ́ ìró ìlù, tó sì dìde nítorí pé ó mọ ohun tó wí, ọjọ́ náà ni wọ́n tó lè sọ pé wọ́n ti tún Djidji Ayôkwé ṣe.